Òkè Tí Arúgbó Kò Lè Gùn

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Nígbà tó dá díẹ̀, mo gbé Arúgbó, ọkọ̀ àtijọ́ tí Bàbá wa fi sílẹ̀, jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo kọjú rẹ̀ sí òkè ilé wa. Ó rìn dáadáa ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí òkè, mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá kó lè sáré, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń wọ́ ara rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú. Adìyẹ kan tó ń rìn létí ọ̀nà kọjá mi, ó tún bojú wẹ̀yìn. Níwájú ilé onígéètì pupa, tí kò tíì tó ìdajì ọ̀nà, ọkọ̀ dákẹ́. Mo rọra fi ẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀.

Ariwo kan tún wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́, bí ẹni ń fi èékánná lu àwo.

Kì bá tí dùn mí tó báyìí bí kò bá ṣe ẹnu mi tí kì í gbélé. Àná ni mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi ní ọsibítù. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú un ní apá ọ̀tún, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ògiri ló ń kọjú sí. Kò fẹ́ jẹun, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Arúgbó ti ṣe tán o. Òun ló máa gbé yín wálé lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá yín sílẹ̀." Ó yíjú kúrò lára ògiri. Ó la ẹnu fún ṣíbí. Ìyàwó wa sáré jáde lọ sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa wá sọ fún un pé Arúgbó kò lè gun òkè?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Kò-Séwu dé. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kò sí ohun tí ọkọ̀ lè ṣe tí mẹkáníìkì yìí kò ní sọ pé "kò séwu" sí. Bí táyà bá yọ tó ń yí lọ níwájú rẹ̀, kò séwu.

Ó fẹ́ gun inú ọkọ̀, mo ní kó bọ́ bàtà. Ó wò mí.

"Àǹtí, ọkọ̀ ni àbí yàrá ìyàwó?"

"Bọ́ bàtà rẹ. Kápẹ́ẹ̀tì mi tuntun ni."

Ó bọ́ ọ. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ìka fa irin tọ́tù lára ẹ́ńjìnnì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Arúgbó bú débi pé àwọn páànù òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi gbọ̀n. "Ẹ gbọ́ ọ bí? Agbára wà níbẹ̀. Pílọ́ọ̀gì ni. Kò séwu."

Ọjọ́bọ̀, 7

A pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì. Ọkọ̀ tún dákẹ́ síbi kan náà. Géètì pupa. Epo bẹntiróòlù tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Mo lọ wo ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ìrìn, tí mo ń pè ní Olùkọ́ Ẹsẹ̀, sọ pé ó ti gbà kí òun gbé ẹsẹ̀ náà sókè sódò. Dókítà ní bó bá lè fi ọwọ́ mú nǹkan kó sì dìde dúró, ó lè padà sílé kí oṣù tó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì yí afẹ́fẹ́ bí ẹni ń yí ọwọ́ ọkọ̀, ó wá gbójú sókè sí mi.

Mo ní, "Ó ń lọ bí ẹ̀fúùfù."

Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìdajì ojú tó kù fún un. Mo jáde, mo fara ti ògiri. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí jù. Òun ló kọ́ mi ní ọkọ̀ nínú Arúgbó kan náà, nígbà tí Bàbá wa ṣì ni ín, ẹ̀gbọ́n mi ń lọgun lé mi lórí títí mo fi ń sunkún tí mo sì ń wà á lọ. Òun ló ní ká má jẹ́ kó jẹrà sẹ́yìn ilé. Òun ló tún ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, èmi ni mo rán àga àti gbogbo inú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ó ku ká wà á gun òkè lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn wọlé dé.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Mi ò jáde. Mo gbọ́ tẹ́-tẹ́-tẹ́ lójú oorun, àṣé omi ló ń kán sínú garawa.

Ọjọ́rú, 13

Kò-Séwu tú kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, palẹ̀, ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó fẹ́ gbogbo ihò rẹ̀. Ó yọ ìdọ̀tí tó wà nínú páìpù epo. Ó ní ariwo yẹn, tápẹ́ẹ̀tì ni, àwọn irin kéékèèké tó ń lu ara wọn lórí ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó sún wọn mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ariwo náà ṣì wà. Ó máa ń pọ̀ lówùúrọ̀ nígbà tí irin bá tutù. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná dáadáa, ó máa ń lọ sílẹ̀ bí olófòófó tó rí ẹni tó ń bú. Òkè kò yí padà. Géètì pupa. Obìnrin tó ni géètì náà ti ń gbé àga jáde láti wò wá.

Ìyàwó wa wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ó ní, "Ẹyinfúnjowó, ṣé ká kúkú gba takisí ni? Ọkọ̀ tó bá gbé e délé náà ni ọkọ̀."

Mo jágbe mọ́ ọn pé ìyàwó ni ó jẹ́, kò lè mọ ohun tí ọkọ̀ yẹn jẹ́ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ó kó àwọn abọ́ oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ sí ọsibítù, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ nínú òjò wínníwínní.

Nígbà tó lọ tán, ẹnu mi korò. Òun ló ń sùn lórí àga líle níbẹ̀ lójoojúmọ́. Mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sáré bá a ní ìdí òpó iná, mo gba àwọn abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó má bínú. Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń rán aṣọ mi."

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Kò-Séwu gbàgbé, ó fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ohun tí mo sọ fún un, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Kò mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láyé Bàbá wa, ilẹ̀ ọkọ̀ yẹn máa ń gbóná débi pé a máa ń gbé ẹsẹ̀ lé orí àga. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń wà á jù, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ́n. Nítorí náà mo tẹ́ fóòmù méjì léra wọn, mo fi aṣọ òtútù lé e, kí n tó wá fi kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn jù lọ́jà bò ó. Mo gé e yíká gbogbo kọ̀rọ̀, mo fi ọwọ́ rán etí rẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á rì. Nínú gbogbo inú ọkọ̀ tí mo ti ṣe láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, èyí ló dára jù.

Kò-Séwu nu ẹrẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó wá ní òun rò pé ó yẹ ká tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ pátápátá. Kò sọ pé kò séwu. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Ajé, 18

Mi ò mọ ẹni tí mo tún lè bi ju ẹni tó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe lọ, òun sì ni mo ti purọ́ fún. Mo gbé e yẹ̀ wò láti òwúrọ̀. Bí mo bá sọ òtítọ́, ó lè padà kọjú sí ògiri. Bí mi ò bá sọ ọ́, kí ni mo fẹ́ fi gbé e wálé?

Mo fi fóònù gba ohùn Arúgbó sílẹ̀ láàárọ̀ kùtù nígbà tó ṣì tutù, mo gbé e lọ. Mo jókòó sétí ibùsùn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo parọ́ fún yín. Ọkọ̀ kò tíì ṣe tán. Kò lè gun òkè, ó sì ń pariwo." Mo tẹ fóònù náà sí i létí kí n má baà rí ojú rẹ̀.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó fi ìka sọ pé kí n tún fi ohùn náà sí òun létí. Ó pa ojú dé. Nígbà tó là á, ojú yẹn mọ́ bí mi ò ṣe rí i láti ìgbà tó ti ṣubú. Ó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, kò jáde. Ó wá mú ọwọ́ mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi síwájú ẹnu rẹ̀, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i: fú, fú, fú. Mo ní ṣé ooru ń mú un ni. Ó mi orí, ó bínú díẹ̀, ó tún fẹ́ ẹ. Fú, fú, fú. Ó bá tẹ́-tẹ́-tẹ́ tó wà nínú fóònù mu gẹ́ẹ́.

Mo ní, "Nǹkan ló ń jò? Èéfín ló ń yọ?"

Ó ju ọwọ́ mi sílẹ̀, ó fi orí lélẹ̀ bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ Ẹsẹ̀ wọlé, kó tó sọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti na ẹsẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni mo ti lọ jí Kò-Séwu. Ó ṣáná sí ọkọ̀ nígbà tó ṣì tutù, ó gbé ọwọ́ súnmọ́ ibi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó yára fa ọwọ́ padà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó dí àárín méjèèjì ti ya, dúdú èéfín sì ti kun ibẹ̀. Bí irin bá gbóná, á wú, á sì dí i. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi ń lọ lọ́sàn-án.

"Ta ló sọ fún yín, Àǹtí?"

"Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀."

Ó fi tuntun sí i, ó so ó le. A ṣáná. Ó ń dún jẹ́jẹ́, ohùn tí mo mọ̀ látìgbà èwe. Mo jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, mo sì sunkún díẹ̀. Kò-Séwu ń ṣe bí ẹni tó ń wá sípánà.

Lẹ́yìn náà a gbé e lọ sí òkè. Géètì pupa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí lu ọwọ́ ọkọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21

Òjò. Ariwo ti lọ, agbára kò dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó mú irin ibùsùn, ó dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ kà wá. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀.

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò-Séwu ní bí òun bá tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kò lè padà síbẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Bí òun kò bá tú u, òun kò mọ ohun tó kù tí òun lè ṣe. "Nínú ṣọ́ọ̀bù, tí mo bá fọwọ́ fà á, á bú bíi kìnnìún. Lójú òkè, á di àgùntàn. Mi ò rí irú rẹ̀ rí." Mo ní kó jẹ́ kí n ronú títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ìyàwó wa kò tún dárúkọ takisí.

Ọjọ́ Ajé, 25

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo débẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdárayá. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga, Olùkọ́ Ẹsẹ̀ gbé pákó kan tó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síwájú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n so nísàlẹ̀, tó ń lọ sílẹ̀ bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ní kó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́, ó dé àárín, ó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Òógùn bò ó. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ le, mo ń rí i, ṣùgbọ́n pákó kò sún.

Ó dùn mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹsẹ̀ yẹn kò ní padà ní agbára mọ́ ni?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Agbára wà lẹ́sẹ̀ Bàbá, Màmá. Èmi ni mo ki táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ pákó kó má baà lọ jù lónìí. Àyè ni kò sí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa táwẹ́ẹ̀lì jáde. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́, pákó kan ilẹ̀ gbà.

Táwẹ́ẹ̀lì tó ká léra, tó nípọn, tó rọ̀. Mo ń wò ó lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí, mo gba takisí lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Mo fi bíríkì kan tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ débi tó lè dé, mo wá yí lọ síwájú láti wo irin tí Kò-Séwu máa ń fi ìka fà. Ìdajì ni irin náà ṣí. Mo padà, mo ká kápẹ́ẹ̀tì mi kúrò lábẹ́ rẹ̀, tòun ti fóòmù méjèèjì àti aṣọ òtútù, mo tún gbé bíríkì náà lé e. Mo lọ wò ó. Ó ṣí pátápátá.

Láti ọjọ́ yìí wá tí mo ń sọ pé mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì mi ni mò ń tẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mẹkáníìkì ń fi ọwọ́ fà á níwájú, kò sí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Bó bá wọ inú ọkọ̀, èmi ni mo ní kó bọ́ bàtà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rì dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ìgbà tí mo máa mọ̀, ẹkún ni.

Mo mú sísọ́ọ̀sì ńlá. Kò rọrùn. Mo gé ibi tó wà lábẹ́ tọ́tù, ó fẹ̀ ju ìwé ìròyìn tí wọ́n ká lọ díẹ̀, mo sì fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí i. Mo fi èyí tí mo gé sínú àpò mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Mo sọ fún Kò-Séwu. Mo ti múra sílẹ̀ fún ohun tó bá fẹ́ sọ, nítorí ohun tí èmi náà ti sọ sí i kò kéré. Ó wọ inú ọkọ̀, ó tẹ tọ́tù, ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí."

"Mo mọ̀. Máa bú mi."

"Kò sí ẹni tó gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi nínú ọkọ̀ rí àfi ẹ̀yin. Ó yẹ kí n ti fura." Ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Èmi náà kò tẹ̀ ẹ́ wò níbi tí onímọ́tò ti ń tẹ̀ ẹ́. Kò séwu."

A gbé e lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó wà lẹ́yìn ọjà pákó. Ó gun ún láìmí. Kò-Séwu ní ká lọ dán òkè ilé wò báyìí, mo kọ̀. Mo ní Arúgbó kò ní dé ilé kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí kò tó ìdajì òkè yẹn, àti pé ènìyàn mẹ́ta ni yóò wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀. Mo ṣì kọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Oòrùn. Ilẹ̀ gbẹ.

Nọ́ọ̀sì méjì gbé ẹ̀gbọ́n mi dé ẹnu ọ̀nà lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Nígbà tó rí Arúgbó, ó ní kí wọ́n dúró. Ó fi ọwọ́ òsì kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé e síbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ibà ọmọ. A gbé e sí àga iwájú, ẹ̀gbẹ́ mi. Ìyàwó wa jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù. Kò sí ẹni tó bọ́ bàtà.

Mo ṣáná sí i. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́tí sí i dáadáa. Kò rí tẹ́-tẹ́-tẹ́ kankan gbọ́. Ó mi orí pé ó dára.

A dé ìdí òkè. Mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ títí mo fi gbọ́ irin lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Arúgbó gbé imú sókè, ó ń lọ. Obìnrin onígéètì pupa ti wà lórí àga rẹ̀. Ó dìde dúró bí a ṣe ń bọ̀. A kọjá rẹ̀. Mo ń wo ojú ọ̀nà, mi ò fẹ́ wo ohun mìíràn, ṣùgbọ́n níbi tí òkè ti ga jù, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíkankíkan, mo ṣèèṣì bojú wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, tí kò lè sún bó ṣe fẹ́, ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Ó ti rì sínú kápẹ́ẹ̀tì mi títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Òun náà ń tẹ̀ ẹ́.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Jíà!"

Kì í ṣe Ìyàwó wa ló sọ ọ́. Ohùn tó ti máa ń lọgun lé mi lórí nígbà èwe ni, ó wúwo, ó wọ́, ṣùgbọ́n ó yé mi yékéyéké. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo sọ jíà kalẹ̀ kíá. Arúgbó fò sókè, ó gbé wa dé iwájú ilé.

Mo pa á. Ìyàwó wa na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó fi kan èjìká ọkọ rẹ̀ àti tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ bá mi jà nítorí jíà. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo ti gbàgbé ni." Ó fi ìdajì ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù keje

Òjò tún ti dé. Kò-Séwu wá kí ẹ̀gbọ́n mi, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ní kí n wò ó dáadáa pé òun bọ́ ọ.

Lálẹ́ àná, mo gbé ègé kápẹ́ẹ̀tì yẹn jáde nínú àpò mi, tòun ti fóòmù méjèèjì àti aṣọ òtútù. Mo rán etí rẹ̀ yíká, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ máa kọ́kọ́ bà bí ènìyàn bá jí.

Láàárọ̀ yìí Ìyàwó wa pè mí wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní kí n má sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sétí ibùsùn. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé kápẹ́ẹ̀tì náà, ó fi ọwọ́ gbé ọ̀tún lé e. Ó mú irin ibùsùn, ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó sì dìde.